Ọ̀pẹ Tí Mo Rí Lábẹ́ Òkun

Màámi kò fìgbà kan lóye iṣẹ́ tí mo wá ṣe ní Norway, bẹ́ẹ̀ ni kò fìgbà kan dẹ́kun bíbéèrè. Gbogbo Sátidé tí mo bá pè é, lẹ́yìn tí a bá ti kíra tán, tó ti béèrè bóyá mo jẹun, á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí.

"Òkúta tí ẹ ń fọ́ yìí, ṣé góòlù ni ẹ ń wá nínú rẹ̀?"

"Kì í ṣe góòlù, Màámi."

"Epo rọ̀bì ńkọ́?"

"Kì í ṣe epo náà."

"Kí wá ni?"

Ará Iléṣà ni wá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń fọ́ òkúta, góòlù ló ń wá. A mọ àwọn tó ń jọ̀ ọ́ létí odò, a sì mọ kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ sílẹ̀ sínú oko kòkó olóko. Mo ṣàlàyé fún un pé láyé ìgbà tí ènìyàn kankan kò tíì sí, lẹ́búlẹ́bú tó ń jáde lára òdòdó a máa bá atẹ́gùn àti odò lọ, a sì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Pé ẹrẹ̀ yẹn ló di òkúta lábẹ́ òkun. Pé a máa ń fi ásíìdì yọ́ òkúta náà dànù kí lẹ́búlẹ́bú yẹn lè ṣẹ́kù, pẹ̀lú èérún igi àti awọ ewé tí kò jẹrà tán. Bí a bá wá fi maikirosíkóòpù wò wọ́n, a lè sọ bóyá ẹnu odò ni ibẹ̀ nígbà náà, tàbí àbàtà, tàbí agbami, bóyá ó móoru tàbí ó tutù.

Ó ní, "Ẹ ń yọ́ òkúta dànù kí ẹ lè rí eruku."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n sì ń sanwó oṣù fún yín lórí ẹ̀?"

"Wọ́n ń san án."

"Ọlọ́run ṣeun," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹni tó kú ní àdúgbò fún mi.

Kí n tó kúrò nílé, olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo. Òkè-Fìà ni mo ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta ọ̀dà. Bí mo bá ti yọ lówùúrọ̀, àwọn ọlọ́kadà á máa pè mí, "Tíṣà! Tíṣà, ẹ gorí ẹ̀!" Akẹ́kọ̀ọ́ kan á ti gba báàgì lọ́wọ́ mi kí n tó wọ ọgbà ilé-ìwé. Mo ti gboyè méjì nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ mi gan-an bí kò ṣe àwọn òbí mi. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ nígbà tí mo dé ìlú Bergen ní Norway fún iṣẹ́ ìwádìí.

Òjò ni mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀, òjò tí kì í le, tí kì í sì í dá. Nígbà òtútù, ilẹ̀ á ti ṣú kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán tán. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì á jìnnà síra wọn bí ẹni tó jà lánàá. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọ láàbù, mo lọ láti orí tábìlì kan dé òmíràn, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè àlàáfíà. Wọ́n gbójú sókè wò mí bí ìgbà tí mo wá tọrọ nǹkan. Ọ̀kan tilẹ̀ béèrè pé, "Kí lo fẹ́?"

Ọ̀gá wa, obìnrin tí yóò tó ọjọ́ orí Màámi, tí irun orí rẹ̀ ti funfun kanlẹ̀, ní kí n máa pe òun ní Ingrid. Ẹnu mi kò gbà á. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ "Ma" mọ́ ọn, tí àwọn ọmọdé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín. Ní Yorùbá, mo ní "ẹ" tí mo lè sá sí lábẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní in. Ojú kojú ni mo ń bá ìyá arúgbó sọ̀rọ̀ bí ojúgbà mi, ó sì ń tì mí lójú lójoojúmọ́.

Èyí kọ́ ló tì mí lójú jù. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì nílé, maikirosíkóòpù kan ṣoṣo la ní, dígí rẹ̀ sì ti sán. A ó tò sí ìdí rẹ̀, ẹni tí yóò rí nǹkan á rí i, ẹni tí kò ní í rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ á sọ pé òun rí i. Àwòrán inú ìwé ni mo fi yege. Àwọn tó yí mi ká ní Bergen ti ń lo ẹ̀rọ yìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù. Lukas, ọmọ Jámánì kan tí mo lè kọ́ ní kíláàsì kẹta, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí ojú ẹ̀rọ náà tí àwòrán á fi mọ́. Ó fi sùúrù kọ́ mi. Sùúrù yẹn ló dùn mí. Mo máa ń dúró títí wọ́n á fi lọ jẹun ọ̀sán kí n tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí mo ṣe ń yí i síwá sẹ́yìn kí n tó rí nǹkan.

Bí ilé bá pè mí nígbà yẹn, mo máa ń sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Nígbà tó di ọdún kejì, ẹnì kan láti Iléṣà ń bọ̀ ní Oslo, Màámi sì rán an sí mi: èlùbọ́, ẹ̀gúsí, àti ìborùn òfì rẹ̀ àtijọ́, aláwọ̀ pupa, tó ti ń dà bora láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Inú yàrá tí a ń kó ọ̀pá òkúta tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ jáde lábẹ́ òkun sí tutù púpọ̀. Mo wé ìborùn náà mọ́ ọrùn, mo wọ kóòtù funfun lé e, ara mi sì móoru fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Òfin kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré tí a ti ń lẹ ohun tí a rí mọ́ gíláàsì: kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ ilé wọlé. Mo ti ka òfin náà. Mo kàn rò pé àwọn tó ń mú ajá wá síbi iṣẹ́ ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́ lórí òkè ni mo rí i. Mo ń wo gíláàsì kan, lẹ́búlẹ́bú páìnì, igi ilẹ̀ tútù, ni mo ń rí ṣáá, nítorí òkúta náà ti wá láti ìgbà tí gbogbo ọ̀mọ̀wé gbà pé ibẹ̀ tutù gan-an. Àfi bí nǹkan kékeré onígun mẹ́ta kan ṣe yọ sí mi, ojú ibi tó là láàárín rẹ̀ pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Orí mi wú. Mo mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń dá ọmọ ìyá rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò ọjà. Ọ̀pẹ ni. Mo sún gíláàsì síwájú, mo tún rí òmíràn.

Bí ọ̀pẹ bá ti hù nítòsí ibẹ̀ nígbà náà, a jẹ́ pé ibẹ̀ móoru, a sì jẹ́ pé gbogbo wọn ti ṣì í sọ.

Ingrid wò ó pẹ́. "Ó jọ ọ́," ó ní. "Tún òmíràn ṣe láti inú òkúta kan náà kí á tó sọ̀rọ̀."

Mo tún un ṣe, pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn. Òun náà ní ọ̀pẹ nínú. Mo fún Ingrid ní ọ̀kan nínú gíláàsì méjèèjì, ó sì fi mí sínú ètò ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, èyí tí àlejò máa ń wá sí láti yunifásítì mìíràn. Lọ́jọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì mi já geere. Nígbà tí mo parí, Lukas nawọ́.

"Ṣé o ti wò wọ́n lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò?"

Iná kan wà tí a máa ń lò. Bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá jẹ́ tuntun, á tàn yòò lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ nínú òkúta, á ṣókùnkùn. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bí ẹ̀gàn, bíi pé ọmọ yìí kò lè gbà kí n rí ohun tí òun kò rí.

"Àwa tí a dàgbà sábẹ́ ọ̀pẹ," mo ní, "a kì í tanná ká tó dá a mọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú Lukas pọ́n, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

N kò dúró de Sátidé. Mo pe Màámi lójú ọ̀nà.

"Ọ̀pẹ?" ó ní. "Ọ̀pẹ tiwa yìí?"

"Ọ̀pẹ tiwa, Màámi."

"Lábẹ́ òkun àwọn òyìnbó?"

"Lábẹ́ òkun wọn."

Ó pariwo. Lẹ́yìn gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, èyí nìkan ló yé e, ó sì yé e délẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fídíò rẹ̀ dé sórí WhatsApp mi: Màámi ń jó lọ síwájú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pásítọ̀ ń sọ lórí ẹ̀rọ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ti lọ rí ohun tí àwọn onílẹ̀ kò rí lórí ilẹ̀ wọn. Mo wò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Bergen, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán pẹ̀lú wọn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Ingrid ní kí n ya àwòrán fún àpilẹ̀kọ tí a fẹ́ kọ, kí n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná méjèèjì. Ọ̀sán gangan ni, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo tan iná aláwọ̀ àlùkò náà. Àwọn páìnì pọ́n bàìbàì bí ẹ̀yinná tó ń kú lọ. Àwọn ọ̀pẹ tàn yòò bí ojú ológbò.

N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo wo ọrùn ara mi. Mo mú sẹ́lótéèpù, mo fi tẹ ìborùn náà lójú kan, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sanra, wọ́n ń dán. Wọn kò lo ọjọ́ kan ṣoṣo nínú òkúta. Ọ̀pẹ oko Bàámi ni, níbi tí Màámi máa ń sá aṣọ sí.

Mo ronú kan gíláàsì náà. Gíláàsì tín-ín-rín ni, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. N kò ní í purọ́ pé ìwà òtítọ́ ló dá mi dúró. Ohun tó dá mi dúró ni pé ìkejì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ingrid.

Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ọ̀pẹ yẹn kò wá láti inú òkúta," mo ní. "Ara aṣọ mi ló ti bọ́ sínú rẹ̀."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Aṣọ wo?"

Mo tú ìborùn náà lọ́rùn, mo nà án sí i. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Ó lẹ́wà. Ta ló fún ọ?"

"Ìyá mi."

Ó mi orí. Bí ó bá bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Ó dá aṣọ náà padà fún mi ní kíká, ó ní, "Ìwọ lo sọ fún wọn pé ọ̀pẹ wà níbẹ̀. Ìwọ náà ni yóò sọ fún wọn pé kò sí."

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo dìde níwájú wọn. Ohun tí mo sọ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo tábìlì. Lẹ́yìn ìpàdé mo bá Lukas ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, "Ìbéèrè rẹ tọ́, mo sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú." Ó ní kò tó nǹkan, pé irun ológbò òun ti wà nínú iṣẹ́ òun rí. Ó fẹ́ tù mí nínú. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè tí kò gbọ́ sí.

Ingrid béèrè bóyá òun lè fi gíláàsì náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kò burú. Kò sí orúkọ mi lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, bí mo bá ń kọjá lẹ́nu kíláàsì Ingrid, mo máa ń gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ wo èyí tó ń tàn yìí, ẹ sọ ohun tó fà á fún mi," ẹsẹ̀ mi á sì yá.

Mi ò gbé fóònù Màámi mọ́. Mo ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Sátidé kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà Bàámi ló yọ. Bàámi tó ń gbin kòkó àti obì ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà kì í pe ẹnikẹ́ni. Bó bá gbé fóònù, ó máa ń gbé e jìnnà sétí bí ẹni tó gbé àkekèé lọ́wọ́. Mo gbé e kíákíá, mo rò pé ẹnì kan ti kú.

"Ìyá rẹ kò rí oorun sùn," ó ní. "Ṣé wọ́n ti ọ́ mọ́lé ni?"

"Rárá o, sà."

"Ṣé ara ń ṣe ọ́ ni?"

"Ara mi le, sà."

"Kí ló wá dé?"

Mo sọ fún un. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ọ̀pẹ oko mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ọ̀pẹ mi bá ọ dé òkè òkun! Kò sì san owó ọkọ̀!" Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Èmi ni mo sá ìborùn yẹn," ó ní. "Mo fọ̀ ọ́ tán, mo ní kí oòrùn oko gbẹ ẹ́ dáadáa kí ó má baà rùn dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Abẹ́ ọ̀pẹ ni mo sá a sí, ọ̀pẹ sì ń tanná. Mo ti fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́."

"Màámi, kì í ṣe ẹ̀yin. Òfin wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kà á, mo kọjá lára rẹ̀."

"Òtútù ń mú ọ."

"Èmi ni mo kánjú."

"Òtútù ń mú ọ, mo sì fi aṣọ ránṣẹ́," ó ní. N kò rí ẹ̀bi náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbé e rù.

Tóyìn, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, ní Òṣogbo, ló sọ ohun tó tẹ̀lé e fún mi. Ó ti Òṣogbo lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú wọn. Nígbà ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màámi jáde, ó gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí òun bá ìjọ dúpẹ́ lé lórí níjelòó kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọmọ òun ṣe àṣìṣe, ó sì ti jẹ́wọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, pé òun ṣì dúpẹ́ fún ẹ̀mí. Kò sí ẹni tó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣe àmín. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ọlọ́pẹ, wọ́n ń fi ṣeré ni. Ó ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n Tóyìn ní ìyá wa kò jókòó níwájú mọ́.

Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo lọ sí òkè òkun. Ní Bergen, ìtìjú mi kò ju ti ìpàdé ọjọ́ Ẹtì kan lọ; wọ́n gbàgbé rẹ̀, wọ́n lọ síbi iṣẹ́ wọn. N kò ní ẹni tí yóò bá mi pín in níbẹ̀, nítorí náà kò rí ibi kankan ràn dé. Iléṣà ló lọ. Ó lọ bá obìnrin kan tí kò mọ ìyàtọ̀ òkúta sí òkúta, ó sì lé e kúrò lórí àga tó ti ń jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bí mo bá ń rìn nínú òjò ìlú yẹn, ohun tí mo máa ń rò nìyí: mi ò ì tíì di ara ibí, mo sì ti lọ ba àyè ẹni tó di ara ibẹ̀ jẹ́.

Mo padà sídìí òkúta kan náà. Mo fọ gbogbo ohun èlò, mo tún un fọ̀. Mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, páìnì, ewéko etí omi, èérún igi. Èérún igi ló fa ojú mi mọ́ra. Wọ́n tóbi, etí wọn ṣì mú ṣánṣán, kò jọ pé wọ́n yí jìnnà nínú omi. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú òkun kò sì pọ̀ láàárín wọn. Níbi tí àwọn tó ṣáájú wa ya agbami sí, ẹnu odò wà nítòsí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo gbé e fún Lukas, mo ní kó wá àṣìṣe mi jáde. Ó wò ó lábẹ́ iná méjèèjì, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ gba àpilẹ̀kọ náà, orúkọ mi ló ṣáájú. Ingrid ra búrẹ́dì onísúgà fún gbogbo wa, a jẹ ẹ́ ní ìdúró, a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo pe Màámi lọ́sàn-án Sátidé.

"Wọ́n ti gba iṣẹ́ mi, Màámi. Wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde."

"Ọlọ́run ṣeun." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé o ti wò ó lábẹ́ iná yẹn?"

N kò mọ ìgbà tó há ọ̀rọ̀ iná sórí. "Mo ti wò ó, mà."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Lukas ti wò ó. Ingrid náà ti wò ó."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Odò ni. Odò ńlá kan ṣàn gba ibẹ̀ wọ inú òkun."

"Odò," ó ní, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. N kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gún mi nínú egungun. "Ẹ sọ ọ́, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá wù yín. Òótọ́ ni tọ̀tẹ̀ yìí."

Mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá lójú títì, mo gbọ́ tí Màámi dìde, tó ṣí géètì. Ohùn rẹ̀ àtijọ́ yọ lójijì, ohùn tó máa ń dé òpin àdúgbò.

"Ìyá Bọ́sẹ̀! Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ dúró ná!"

Mo di fóònù mọ́ etí, mo dìde dúró.

"Ṣé èmi lẹ ń pè?" obìnrin kan dáhùn láti òkèèrè.

Mo gbọ́ tí Màámi tún fa géètì padà.

"Kò sí nǹkan o," ó ní. "Mo ní ẹ kú ọ̀sán ni."